Ìwé kíkà ń jẹ àkókò ìkọ̀wé mi: ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

ỌmọṢakí (Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń fi Yorùbá kọ. Àṣàbí ni wọ́n ń pe obìnrin inú rẹ̀, ẹnjiníà sólà ni. Wọ́n gbé e lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars kó lọ máa tọ́jú iná ibi tí àwọn èèyàn tẹ̀dó sí. Ìyá rẹ̀ wà ní Ṣakí níbí, ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Àwọn méjèèjì ni ìtàn náà dá lé lórí: ìyá tí kò lè nawọ́ sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ọmọ tí kò lè wálé nígbà tí ara ìyá kò le.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Ọ́fíìsì ni mo máa ń wà láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Bí mo bá délé tí mo jẹun tán, mo máa ń jókòó láti kọ̀wé. N óò kọ gbólóhùn kan, ká ní "Àṣàbí ń wo òòrùn tó ń wọ̀." Kíá, n óò bi ara mi pé báwo ni òòrùn ṣe ń wọ̀ lórí Mars gan-an? Mo bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé àyíká òòrùn ibẹ̀ máa ń di búlúù bó bá ń wọ̀, ó yà mí lẹ́nu, mo fẹ́ mọ ohun tó fà á. Wọ́n ní eruku ni. Mo ka ti eruku, mo ka ti àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn nínú eruku náà. Kí n tó gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú kọjá àfẹnusọ, dátà ti tán, gbólóhùn kan náà ló ṣì wà nínú ìwé. Ojoojúmọ́ ni.

Ṣé kí n kàwé tán ná kí n tó kọ ni, àbí kí n kàn máa kọ ọ́ lọ? Kí lẹ̀yin fúnra yín máa ń kà? Ẹ tún wò ó: mo ti kọ ọ́ pé alaalẹ́ ni Àṣàbí ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń dà bíi pé ohun kan ò tọ́ níbẹ̀.

TíṣàFísíìsì (Ọjọ́ Àìkú, 10:25 alẹ́)

ỌmọṢakí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ Àṣàbí. Ìgbì rédíò ló máa gbé ohùn wọn, ìgbì rédíò kò sì lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí Mars bá sún mọ́ wa jù, ibi tó wà sí wa á tó mílíọ̀nù 55 kìlómítà. Bó bá bọ́ sí òdìkejì òòrùn, ó lè tó mílíọ̀nù 400. Ẹ pín in wò. Ohùn á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lójú ọ̀nà nígbà tó sún mọ́, á lo bíi 22 nígbà tó jìnnà, àlọ nìkan sì nìyẹn. Bí ìyá bá béèrè ní aago méje pé "Àṣàbí, ṣé o jíire?", aago méje á ti lé ní ìṣẹ́jú 44 kó tó gbọ́ "A dúpẹ́, mà."

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kíkà ló ṣáájú. Bí ẹ bá ti kọ orí mẹ́wàá tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tú palẹ̀. Àmọ́ ẹ má kà á láìní ìbéèrè lọ́wọ́. Kí n tó tan dátà, mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ sínú bébà. Bí mo bá ti rí ìdáhùn, mo pa dátà nìyẹn. Ohun yòówù tó bá tún wù mí láti kà lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí mo bá ń dúró de ọkọ̀ ni mo máa ń kà á.

Ní ti ohun tí mo ń kà: ìkànnì NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, àti ti àwọn ará Yúróòpù, ESA. Ẹ má sì fojú di ìwé Físíìsì SS2. Òfin òòfà, iná, ooru, gbogbo ohun tí ìtàn yín nílò ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ kó lè yé ọmọdé.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn (Ọjọ́ Àìkú, 11:02 alẹ́)

Tíṣà, mo kí yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ìwé kíkà ń gbé lọ lẹ tún ń sọ fún pé kó lọ kàwé sí i?

Àbúrò mi, kọ ọ́ lọ. Ibi tí o ò bá ti mọ nǹkan, fi @@ síbẹ̀, kí o sì kọjá. "Àṣàbí ń wo òòrùn tó ń wọ̀, @@ àwọ̀." Ó tán. Ní Sátidé, kí o wá gbogbo @@ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wá ìdáhùn wọn pọ̀. O máa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú gbólóhùn tí o ti pa rẹ́ kí Sátidé tó dé. Dátà tí o bá fi wá ìyẹn, o ti fi ṣòfò nìyẹn.

Alájàpá_Ìwé (Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀)

Ìgbà tí a ń kọ̀wé ló ṣe pàtàkì lójú tèmi. Ẹ ò lè fi ara tó ti rẹ̀ láti ọ́fíìsì kọ ohun tó dáa. Octavia Butler, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà nì, aago méjì òru ló máa ń jí kọ̀wé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ tó sì ń ṣe nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ gidi: ó fọ abọ́, ó dúró ti ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣípúsì, ó ń ṣa èyí tí kò dáa kúrò. Ní 1995, òun ni akọ̀wé ìtàn sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní owó ẹ̀bùn MacArthur. Ìmọ̀ràn tó máa ń fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni pé kí wọ́n gbàgbé ìmísí, kí wọ́n jẹ́ kí ìkọ̀wé mọ́ wọn lára. ỌmọṢakí, ẹ tètè sùn, kí ẹ tètè jí.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 6:31 àárọ̀)

Alájàpá, Butler kò bímọ o. Ẹ wá bá mi jí ní aago méjì òru nínú ilé mi yìí kí ẹ rí i bóyá Taiwo tàbí Kẹ́hìndé kò ní jí bá yín. Inú fóònù ni mo máa ń sọ ìtàn tèmi sí bí mo bá ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, n óò wá tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti sùn. Kí kálukú wo ilé rẹ̀ kó tó mú àṣà ẹlòmíràn.

Alájàpá_Ìwé (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ máa bínú, Ìyá Ìbejì. ỌmọṢakí ni mo ń bá wí, kò sì sọ pé òun ní ọmọ.

BàbáRédíò (Ọjọ́ Ajé, 11:20 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù yìí ló mú mi dá sí i, nítorí ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn, kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọmọdé lè má mọ̀ pé Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá níbí, ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ń bá ayé sọ̀rọ̀ gba ojú ọ̀run. Ní 1971 ni wọ́n ṣí ibùdó náà. Ọpọ́n ńlá kan ló kọjú sókè, tó ń ju ohùn sí sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì yẹn wà lókè ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Ohùn á gùn ún lọ, á sọ̀ kalẹ̀ ní òkè òkun, ìyẹn á gba bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni ọ̀hún bá fèsì, ó tún di ìdá mẹ́rin mìíràn. Ẹ máa rò pé kékeré ni. Ẹ wá gbọ́ bí Yorùbá méjì ṣe ń kíra wọn lórí rẹ̀! Òyìnbó á ní "hẹ́lò", á sọ tẹnu rẹ̀, á dákẹ́. Àwa ńkọ́? "Ẹ káàárọ̀ mà." "Káàárọ̀ ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" "Dáadáa ni mà, bàbá ńkọ́?" Ẹnu la fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa. Lórí sátẹ́láìtì, ẹni méjì á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á dákẹ́ kí èkejì lè sọ̀rọ̀, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Owó á sì ti máa lọ. Mo ti gbọ́ ẹni tó ra ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó fi ìkíni lò ó tán.

Nítorí náà, ọmọ mi, fóònù kọ́ ni kí o máa wò fún ìtàn rẹ. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Ní ayé ìgbà náà, ìdílé tó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá wa kò mọ̀wé, bó ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Á jókòó ti rédíò, á kí i, á wá dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà lè dáhùn. "Ṣé ara le?" Á dákẹ́. "A dúpẹ́." Bó bá gbàdúrà, ó máa ń dúró de àmín. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó gbọ́ ọ tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí ìyá ti gbàgbé. Bí ìyá Àṣàbí ṣe máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 22 kò ní dá ìfẹ́ wọn dúró, àmọ́ ìkíni wọn ni kò ní rí bó ṣe ń rí mọ́, níbẹ̀ ni ìtàn wà.

Ó tún ku ohun kan. Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni kan. Aládùúgbò á wá kí i, ọmọ kékeré á wá ka ABD, àkùkọ á kọ. Jẹ́ kí Àṣàbí gbọ́ àkùkọ.

ỌmọṢakí (Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Àkókò oúnjẹ ni mo wà níbí, mo ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn risíìtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù kí ẹ lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní orí kẹta, ìjì ńlá kan jà lórí Mars, ó ṣí òrùlé ibùgbé wọn lọ, Àṣàbí kò sì gbúròó ìyá rẹ̀ mọ́. Ní orí kẹrin, ó gbin iṣu sínú ilẹ̀ pupa yẹn kó lè fi ṣe ẹ̀lùbọ́ bíi ti ilé.

Akọ̀wé_Houston (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi CV ránṣẹ́ sí mi: Houston ni mò ń gbé lóòótọ́, àmọ́ àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, mi ò ṣiṣẹ́ ní NASA.

Ìjì yẹn kò lè ṣí òrùlé o. Atẹ́gùn Mars fẹ́lẹ́ jù, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Ìjì tó ń sáré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí níbẹ̀, bó bá fẹ́ lu yín, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n ju fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, akọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ìtàn Mars rẹ̀ di fíìmù ní 2015, Andy Weir, irú ìjì bẹ́ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó kàn fẹ́ kí Mars kọ́kọ́ na akọni rẹ̀ ni. Orí ìkànnì rẹ̀ ló sì ti ń gbé ìtàn náà jáde ní orí kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó mọ sáyẹ́ǹsì ń kọ̀wé sí i pé ibí yìí kò tọ́, ó sì ń tún un ṣe. Ohun tí à ń ṣe níbí yìí náà nìyẹn.

Ohun tí ìjì Mars ń ṣe ni pé ó ń gbé eruku sókè tí ojú ọ̀run á ṣú. Ẹ rántí iṣẹ́ Àṣàbí! Sólà ni! Ẹ̀rọ Opportunity tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 2004, sólà ló ń lò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣètò pé kó lò, ó lo ọdún mẹ́rìnlá. Ní oṣù kẹfà 2018 ni eruku bo gbogbo Mars, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Curiosity, tó wà níbẹ̀ nígbà kan náà, kò kú, nítorí iná tirẹ̀ kì í ṣe ti òòrùn. Ẹ fi òrùlé sílẹ̀ jàre, ẹ mú iná lọ. Ta ni kò mọ ìyẹn nínú wa?

Ti Àṣàbí tí kò gbúròó ìyá rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ẹ ò nílò ìjì fún ìyẹn rárá. Lọ́dọọdún ni Mars máa ń bọ́ sẹ́yìn òòrùn, tí NASA kì í fi àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́)

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ń mú iná lọ lórí Mars náà. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ fi jí.

TíṣàFísíìsì (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Houston ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdọọdún. Nǹkan bí oṣù 26 síra wọn ni, nítorí ọdún Mars gùn tó ọjọ́ 687 tiwa, ó sì máa ń pẹ́ kí ayé tó tún lé e bá. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tọ̀nà.

Èyí tuntun tí mo fẹ́ fi kún un ni aago. Ọjọ́ kan lórí Mars jẹ́ wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 39 àtààbọ̀. Ká ní ìyá àti ọmọ ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn ní aago méje àárọ̀. Lónìí, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 18, aago méje àárọ̀ Ṣakí ti di alẹ́ lọ́dọ̀ Àṣàbí. Tó bá tó bí ọjọ́ 37, wọ́n tún padà ṣe kòńgẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ti sọnù nínú òǹkà ọmọ. Ìyá tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún á máa sọ fún un pé "a ná ọjà lánàá", ọmọ á máa ka ìka. Nígbà tí Curiosity balẹ̀ ní 2012, àwọn tó ń darí rẹ̀ láti Califọ́níà fi aago Mars sùn, wọ́n fi jí fún bí oṣù mẹ́ta, ojoojúmọ́ ni àkókò oorun wọn ń sún síwájú.

Àgbẹ̀Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀)

Mi ò kì í kọ ìtàn, kíkà ni mò ń kà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣu yẹn kan mí.

Iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní perchlorate wà nínú ilẹ̀ Mars. Ẹ̀rọ Phoenix ló rí i níbẹ̀ ní 2008. Ó máa ń ba iṣẹ́ thyroid jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà ara inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Ẹni tó bá gbin iṣu sínú ilẹ̀ yẹn láìṣe nǹkan kan sí i, kò ní rí iṣu tó ṣeé jẹ. Omi lè fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí ó máa ń yòrò dáadáa. Omi wà níbẹ̀ tó ti dì, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ́ ọ kọ́kọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣu ń lò tó oṣù méje sí mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀, ó ń fẹ́ ebè tó jinlẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọ̀pá tó máa gùn. Ta ló máa fún un ní gbogbo àyè yẹn nínú ilé tí wọ́n ti ń wọn afẹ́fẹ́ lò? Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀. Láàárín oṣù kan, ẹ ti ń já ewé. Tàbí ọ̀dùnkún: Yunifásítì Tuskegee ní Amẹ́ríkà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí rẹ̀ fún NASA, nínú omi ni wọ́n ń gbìn ín láìsí ilẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ewé rẹ̀ pẹ̀lú.

ỌmọṢakí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, mo gbọ́, àmọ́ tẹ̀tẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí iṣu ń ṣe nínú ìtàn yìí. Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 àárọ̀)

Kí ló wá dé tó fi ní láti gbin ín? Ìyá ń ta ẹ̀lùbọ́, àbí kò tà á? Ẹ̀lùbọ́ ti gbẹ, omi kò sí nínú rẹ̀, kò wúwo, kò sì ní tètè bàjẹ́ bí kòkòrò ò bá dé ibẹ̀. Ìrìn àjò oṣù méje kò lè ṣe é ní ohunkóhun. Jẹ́ kí ìyá di ìwọ̀nba tí wọ́n gbà á láyè fún un. Ìwọ̀n ẹrù ni kí o fi ṣe ìjà orí kẹrin: kí wọ́n ní kó yan ẹ̀lùbọ́ tàbí nǹkan mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé ṣé àmàlà á jinná níbẹ̀? Nígbà tí mo sin ìjọba ní Jos, ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Gáàsì á tán, ẹ̀wà ò ní tíì rọ̀.

TíṣàFísíìsì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán)

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Jos ga tó bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tẹ nǹkan tó ti Ìbàdàn, omi ibẹ̀ sì ń hó ní nǹkan bíi 96 dípò 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Díẹ̀ ni lójú, ẹ̀wà mọ̀ ọ́n. Lórí Mars, ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀tàn ló wà, torí ẹ̀yin lẹ máa sọ bí afẹ́fẹ́ inú ilé wọn ṣe máa le tó. Nínú ibùdó òfuurufú tí wọ́n ń lò báyìí, ó dọ́gba pẹ̀lú ti etí òkun Èkó. Àmọ́ nínú Skylab, ibùdó òfuurufú Amẹ́ríkà ti 1973, bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Omi á hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 72. Ẹ̀wà kò ní jinná láéláé. Àmàlà máa bá a yí, àmọ́ mo bẹ̀rù pé á ní kókó.

Alfa_Kọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Asalaamu alaekun. Bí ìyá Àṣàbí bá jẹ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi ọmọ rẹ̀ ni pé ibo ló ń kọjú sí kírun. Ìdáhùn wà fún un. Ní 2007, nígbà tí ọmọ Malaysia kan lọ sí ibùdó òfuurufú nínú oṣù Rámádánì, àwọn àfáà ìlú rẹ̀ ṣe ìwé ìlànà fún un. Kó kọjú sí Káábà bó bá lè ṣe é, bí kò bá ṣe é ṣe, kó kọjú sí ayé, bí ìyẹn náà kò bá ṣe é ṣe, ibi tó bá kọjú sí náà ni. Àkókò ìrun, kó máa lo ti ibi tó ti gbéra. Lórí Mars, ayé á dà bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló máa kọjú sí. Ẹ wo bí àwòrán yẹn ṣe wúlò fún ìtàn tó.

AkéwìPeckham (Ọjọ́rú, 12:30 òru)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ dá nǹkan rú díẹ̀. Ẹ ti fún ọmọbìnrin yìí ní perchlorate, ẹ fún un ní Skylab, ẹ fún un ní oṣù 26. Ta ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìyá náà ṣe ń sọ̀rọ̀? Bàbáa Rédíò nìkan. Fágúnwà fi àwọn ọdẹ rìn la igbó já ní 1938, kò ṣe ìṣirò kankan fún wa, a sì ń kà á títí di òní. Ohùn ló mú wa.

Ohun tí èmi ń kà lójoojúmọ́ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Mò ń ka Aláròyé, mò ń gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń dúnàádúrà lórí Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mò ń ka oríkì. Sáyẹ́ǹsì, mo máa ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n béèrè. Tade Thompson, ọmọ wa tó gba ẹ̀bùn ìtàn sáyẹ́ǹsì Arthur C. Clarke ní 2019, dókítà àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lójúmọ́ náà ń fún un ní nǹkan kọ. ỌmọṢakí, kí lẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì yín? Ṣé kò sí ẹni tó jọ Àṣàbí níbẹ̀?

Ẹ tún má ṣe fi àmì ohùn sí i nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń dá ọwọ́ dúró. Ẹ kọ ọ́ tán, kí ẹ wá padà fi sí i.

Alájàpá_Ìwé (Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀)

Akéwì, ẹ gbà mí láyè láti bá yín jiyàn. Ọdẹ Fágúnwà ń lọ sínú igbó tí kò sí ẹni tó lè lọ wò ó. Mars wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Òǹkàwé tó bá mọ̀ pé ìjì kò lè ṣí òrùlé kò ní gba ìyá náà gbọ́ mọ́.

Ẹ wo Jules Verne, ará Faransé tó rán àwọn èèyàn lọ sínú òṣùpá nínú ìwé ní 1865. Ojoojúmọ́ ló ń ka ìwé ìròyìn lóríṣiríṣi, ó ń kọ ohun tó bá wù ú sílẹ̀. Ó ní ó lé ní 20,000 àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Ìyàtọ̀ òun àti ỌmọṢakí ni pé Verne kọ ohun tó kà sílẹ̀, ó sì dìde. ỌmọṢakí, ẹ ra ìwé 40 leaves kan. Ojú ewé kan, ohun kan. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀ pé kò ní sọnù, ẹ máa lè padà sẹ́nu gbólóhùn yín.

Ní ti àmì ohùn, ẹ má gbọ́ ti Akéwì. Mo ti rí ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kò lè kà mọ́ nígbà tó padà dé ìdí rẹ̀.

AkéwìPeckham (Ọjọ́rú, 7:45 àárọ̀)

Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìsí àmì, kò dájú pé ọ̀rọ̀ náà dáa.

BàbáRédíò (Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀)

Ẹ rọra o. Nígbà tí a ń tẹ tẹlígíráàmù ní Yorùbá, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, ó sì máa ń yé àwọn ará ilé. Ìgbà mìíràn kì í yé wọn, ìjà á sì dé. Kálukú ló ní ẹ̀tọ́.

ỌmọṢakí (Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo mú nìyí. Mo ń lo @@ Ìyá Ìbejì ní alẹ́, mo sì ra ìwé Alájàpá fún ohun tí mo bá kà nínú ọkọ̀. Tíṣà, mi ò lè ka ohun gbogbo ṣáájú, ẹ má bínú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oṣù 26 yẹn ti yí ìtàn padà pátápátá: kí Mars tó bọ́ sẹ́yìn òòrùn ni ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ohùn rẹ̀ tó kẹ́yìn sì ní àdúrà nínú, Àṣàbí ti ṣe àmín, ó ń dúró ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ̀ bóyá wọ́n máa gbọ́ àmín náà. Mo ti yọ ìjì kúrò. Eruku ló kù, iná sì ti lọ. Alfa, Mùsùlùmí ni wọ́n, mo sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀ lánàá.

Akéwì, ẹni tó jọ Àṣàbí wà ní ọ́fíìsì wa lóòótọ́. Òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀.

Tẹ̀tẹ̀ náà wọlé, ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́. Mo ń wá ẹni mẹ́ta tó máa bá mi ka orí kìíní sí ìkẹrin. Ta ló ráyè?

TíṣàFísíìsì (Ọjọ́rú, 8:41 alẹ́)

Mo ráyè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ tí ohùn kọ̀ọ̀kan kúrò ní Ṣakí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n lè bá yín ṣe ìṣirò bí Mars ṣe jìnnà tó lọ́jọ́ náà.

ÌyáÌbejì_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 8:44 alẹ́)

Mo máa kà á, láìṣe ìṣirò.

BàbáRédíò (Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́)

Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ojú fóònù yìí ti kéré jù fún mi.

Àgbẹ̀Ìṣẹ́yìn (Ọjọ́bọ̀, 5:30 àárọ̀)

Ẹ fi orí kẹrin nìkan ránṣẹ́ sí mi. Ebè la ń kọ lọ́wọ́ báyìí, ọjọ́ tí òjò bá lé wa kúrò lóko ni mo máa kà á.